Sídì Mẹ́rìnlélógún ní Támálè

Ó ti di ọ̀sẹ̀ méje báyìí tí ojú ìwé kan ti ń jí mi lójú oorun. Kì í ṣe ìwé tuntun. Ó ti wà nínú àpótí ní ilé wa ní Ọ̀ffà kí wọ́n tó bí mi. Inú ìwé ìṣirò ọjà tí bàbá àgbà mi gbé bọ̀ láti Gánà ní ọdún 1969 ni ojú ìwé náà wà, lẹ́tà Lárúbáwá ni ó sì kún inú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Akọ̀wé kan tó ń bá bàbá àgbà ṣírò ọjà ni ó kọ gbogbo ojú ìwé yòókù. Èyí nìkan ni bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Nítorí pé Bisimiláì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, gbogbo ilé gbà pé àdúrà ni. Bàbá mi a máa fi aṣọ funfun wé ìwé náà. Ní ọjọ́ tí mo ń lọ sí yunifásítì, ó gbé e lé mi lórí, ó wúre, ó sì ní kí n ṣe àmín.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ bàbá mi, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kó àwọn ìwé rẹ̀ lọ sí Ìlọ́rin níbi tí mò ń gbé, nítorí pé òrùlé yàrá tí wọ́n wà ti ń jò. Mo mú ìwé bàbá àgbà lọ sọ́dọ̀ àáfà kan ní Pàkátà, àgbàlagbà tó ṣì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kò ju kí ó túmọ̀ àdúrà náà fún mi, kí n lè tẹ̀ ẹ́ jáde fún àwọn ẹbí.

Ohun tí àáfà kà

Àáfà gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ka Bisimiláì sókè, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ètè rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohùn. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí agbádá nù ún, ó tún gbé e sójú. Ó bi mí pé ta ló ni ìwé. Mo ní bàbá tó bí bàbá mi ni. Ó ní, "Kì í ṣe Lárúbáwá ni bàbá yín kọ síbí yìí. Yorùbá ni. Lẹ́tà rẹ̀ nìkan ni ti Lárúbáwá."

Mo mọ ohun tí ó ń jẹ́ ajámì, ìyẹn fífi lẹ́tà Lárúbáwá kọ èdè mìíràn, bí ọ̀pọ̀ ẹni tó ti gbé Ìlọ́rin pẹ́ ṣe mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bí kíkà rẹ̀ ti ṣòro tó títí di ọjọ́ náà. Lárúbáwá kò ní gb, kò ní p. Àmì kan ṣoṣo tí wọ́n ń fà sí abẹ́ lẹ́tà ni ó ń dúró fún i, e àti ẹ; òmíràn tí wọ́n ń fi sókè ni ó ń dúró fún u, o àti ọ. Kò sì sí àmì ohùn rárá. Ẹni tó ń kà á ní láti máa tọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò lórí ahọ́n títí yóò fi bá èyí tó bá ìtumọ̀ mu. Àwọn ọmọ kéú ti dákẹ́, wọ́n ń wo olùkọ́ wọn tó ń wá ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ ni ó kọ́kọ́ yé e: "Oṣù Ràmàdáànì, ọdún 1389." Ó ní ọdún 1969 ni. Ó wá ka ìlà tó tẹ̀ lé e, ó ní, "Èyí ni àwọn tí mo jí..." Ó mi orí, ó padà sẹ́yìn, ó tún un kà: "Èyí ni àwọn tí mo jẹ. Èyí ni àwọn tí mo jẹ ní owó èsúsù, tí n kò rí ààyè dúró san. Kí ẹni tó bá rí i lẹ́yìn mi bá mi san án."

Orúkọ mẹ́jọ ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, sídì mẹ́rin, owó Gánà.

Àáfà gbé ìwé náà lé orí ẹní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó ní, "Ohun tí Ọlọ́run pa láṣẹ ni bàbá yín ṣe. Ẹsẹ tó gùn jùlọ nínú Kùránì, ìyẹn ẹsẹ 282 nínú Súrà Bàkárà, kò sọ ju ọ̀rọ̀ gbèsè lọ: bí ẹ bá yá ara yín ní nǹkan di ọjọ́ kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ kò kà á." Kò fi ìbínú sọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú mi wálẹ̀. Mo rántí ọjọ́ tí wọ́n gbé ìwé náà lé mi lórí tí mo sì ṣe àmín.

Ìtàn tí wọ́n sọ fún wa

Ní Ọ̀ffà, bí ní Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò àti Ìlọ́rin, kò ṣòro láti rí ilé tí ìtàn Gánà wà nínú rẹ̀. Tiwa kò yàtọ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Bélú ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó fi ilẹ̀ Gánà sílẹ̀. Ààwẹ̀ ni wọ́n wà. Ìyá àgbà máa ń sọ pé nínú ẹrù dídì ni òun ti ń ṣínu. Bàbá àgbà fi táyà kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó fi ìgàn aṣọ sílẹ̀, ó fi ọ̀pọ̀ onígbèsè sílẹ̀. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ fún wa nìyẹn, láti ẹnu dé ẹnu, títí tí ó fi di pé àwa ọmọ-ọmọ mọ iye táyà tó ṣòfò láìmọ orúkọ ẹyọ aládùúgbò kan ní Támálè, ìlú tí wọ́n gbé ní àríwá Gánà. Ohun tí wọ́n jẹ wá nìkan ni ìtàn náà mọ̀.

Bàbá àgbà fúnra rẹ̀ kì í sọ ọ́. Bí àwọn yòókù bá bẹ̀rẹ̀, a dìde, a bọ́ sí ìta. Nígbà èwe mi, mo rò pé ìbànújẹ́ ni. Nísinsin yìí, mo gbà pé ẹni tó mọ apá kejì ìtàn ni, tí kò sì rí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ.

Ìwé ìṣirò rẹ̀ sọ ìtàn tirẹ̀, bí ènìyàn bá fi sùúrù ṣí i. Ọdún 1948 ni bàbá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀ffà lọ sí Èkó, tí ó sì ti Èkó wọ ọkọ̀ gba Dàhòmì àti Tógò kọjá lọ sí Góòlù Kóòsì, bí wọ́n ti ń pe Gánà nígbà náà. Nígbà náà, owó kan náà ni wọ́n ń ná ní Ọ̀ffà àti ní Támálè, nítorí abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ibi méjèèjì wà. Àwọn ojú ìwé àkọ́kọ́ kún fún pọ́ùn àti ṣílè. Ní 1958 Gánà bẹ̀rẹ̀ sí í ná pọ́ùn tirẹ̀. Ní 1965, sídì dé, ìṣirò inú ìwé náà sì yí padà ní agbede méjì ojú ìwé kan. Orí ìjókòó kan náà ni bàbá wà nínú ọjà ní gbogbo àsìkò yìí. Ìlú ló ń yí padà lábẹ́ rẹ̀ títí ó fi di àjèjì níbi tó ti bí ọmọ márùn-ún. Ibi tí wọ́n ní kó padà sí pàápàá ti yí padà. Ẹ̀kùn Àríwá ni ó fi sílẹ̀ lọ. Ìpínlẹ̀ Kwara, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù Èbìbí ọdún 1967, ni ó bá nílé, ogun abẹ́lé sì ṣì ń lọ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ èsúsù náà kò le. Àwọn méjìlá ni wọ́n, sídì mẹ́rin lóṣù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Oṣù Ògún ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, bàbá àgbà sì kó ti oṣù Ọ̀wàrà, sídì 48, ó fi ra ọjà. Ẹnì kan kó ti oṣù Bélú, bàbá sì dá tirẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àṣẹ ìjọba dé. Àwọn mẹ́jọ ló kù tí kò tíì kó, tí wọ́n sì ti dá owó wọn fún bàbá kó.

Nínú àwọn mẹ́jọ yìí, a ti fa ìlà lé méjì lórí, tádàwà rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ọ̀kan jẹ́ ọkùnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ìkejì jẹ́ obìnrin ará Ìlọ́rin. Wọ́n lé àwọn náà wálé, bàbá wá wọn rí, ó san tiwọn. Àwọn mẹ́fà tó kù jẹ́ ọmọ ibẹ̀: oníkẹ̀kẹ́, télọ̀ kan, tíṣà kan, alápatà tó jẹ́ Hausa, ìyàwó onílé wọn, àti obìnrin kan tí àáfà ka orúkọ rẹ̀ sí "Ìyá oníkúùkù". Àwọn ìlà méjì tí a fà yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Ká ní kò sí wọn, n bá sọ fún ara mi pé bàbá kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni, ó sì gbàgbé.

Àwìn ní ọjà Owódé

Ìtàn kan wà tí ìyá àgbà máa ń sọ, tí mo ti gbọ́ títí tí n kò fi kà á sí mọ́. Wọ́n wọ Ọ̀ffà ní ọjọ́ díẹ̀ kí ọdún ìtúnu ààwẹ̀ tó kò. Agbo ilé kún fún ènìyàn, wọ́n sì fún wọn ní yàrá kan. Àwọn ọmọ ilé ń pe àwọn ọmọ tó dé ní "ará Gánà", nítorí pé Yorùbá wọn ní ìró mìíràn. Kò sí ẹni tó ṣe wọ́n ní ibi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá àgbà dé ọjà Owódé, tó fẹ́ ra èlùbọ́ pẹ̀lú ìlérí pé òun yóò san án ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, gbogbo ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ló rẹ́rìn-ín músẹ́ tó sì ní kó mú owó wá. Wọ́n mọ bàbá ọkọ rẹ̀. Wọ́n mọ oríkì ilé ọkọ rẹ̀ ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Wọn kò kàn mọ ọwọ́ rẹ̀ ni.

Ó tó ọdún kan àti ààbọ̀ kí obìnrin ẹlẹ́lùbọ́ kan tó wọn kóńgò mẹ́ta fún un láìbéèrè owó, tó ní, "Ìyá, ẹ máa gbé e lọ, ẹ ó rí mi." Ìyá àgbà ní òun kò dúró ra ata mọ́. Ó gbé èlùbọ́ náà délé, ó bá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá, ó ní, "Wọ́n tà fún mi láwìn o." Alẹ́ ọjọ́ náà ni ó tó tú àpótí kan tó ti wà ní dídì láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé.

Mo ń ro ìtàn yìí papọ̀ mọ́ ojú ìwé àáfà, mo sì rí i pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ. Nígbà tí ìjọba bá fẹ́ mọ ibi tí ènìyàn ti wá, ìwé ni yóò béèrè, tàbí ibi tí wọ́n sin baba ńlá rẹ̀ sí. Bàbá àgbà ní Ọ̀ffà bí a bá fi èyí wọ̀n ọ́n, kò sì ní Támálè rárá. Ṣùgbọ́n ní Támálè, àwọn mọ́kànlá tí kò bá a tan gbé owó oṣù wọn lé e lọ́wọ́, kí àwọn mẹ́jọ nínú wọn tó kó tiwọn, nítorí pé wọ́n rò pé yóò wà níbẹ̀ ní oṣù tó ń bọ̀, àti ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Mo ti wá gbà pé èyí gan-an ni ọmọ ìlú: ẹni tí àwọn tó yí i ká kò ronú pé ó lè má sí ní ọ̀la. Bí mo bá fi èyí wọ̀n ọ́n, Támálè ni ìlú bàbá àgbà ní gbogbo ọdún mọ́kànlélógún yẹn, àlejò ni ó sì jẹ́ ní Ọ̀ffà títí di ọjọ́ èlùbọ́.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé àjò kò lè dùn kí onílé má relé. Wọn kò parọ́, ṣùgbọ́n ìdílé tèmi kì í jẹ́ kí òwe náà yé mi pátápátá. Ìkìrun ni wọ́n bí bàbá tó bí bàbá àgbà sí, nígbà tí àwọn ará Ọ̀ffà sá lọ síbẹ̀ lẹ́yìn tí ogun Ìlọ́rin kó ìlú wọn ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Támálè ni wọ́n bí bàbá mi sí. Ìlọ́rin yìí kan náà ni èmi ń gbé, ọmọ Ìlọ́rin ni ó sì ka ìwé bàbá mi fún mi.

Ògiri tí kò parí

Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà náà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kó ẹrù wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ará Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn. Bíríkìlà kan láti Gánà ń mọ ògiri ẹ̀yìnkùlé fún bàbá àgbà nígbà náà. Ní alẹ́ ọjọ́ tí rédíò kéde rẹ̀, bàbá ta àgbò kan, ó lọ bá ọkùnrin náà, ó sì san owó gbogbo iṣẹ́ náà fún un, títí kan ibi tí kò tíì mọ. Bàbá mi máa ń sọ ọ́ fún wa kí a lè mọ̀ pé aláàánú ni bàbá òun. Ògiri náà kò tíì ga ju àyà lọ títí di òní, nítorí bàbá kò gbà kí ẹlòmíràn parí rẹ̀.

Ní 1986 ni bàbá kú. Wọ́n kéde létí ibojì, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe, pé bí ó bá jẹ ẹnikẹ́ni, kí ẹni náà jáde wá. Ẹnikẹ́ni kò jáde. Ta ni ìbá ti Támálè gbọ́? Wọ́n pín ogún. Ilẹ̀ tó kan bàbá mi ni wọ́n tà nígbà tó yá láti fi san owó ilé ìwé mi. Nínú ẹ̀sìn wa, gbèsè òkú ni à ń yọ kúrò kí a tó pín ohunkóhun. Ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Ṣùgbọ́n kí ni a ó pe ẹni tó jẹ ogún lórí gbèsè tí kò mọ̀ pé ó wà? Mo bi àáfà léèrè. Ó ní kí a wá àwọn ènìyàn náà tàbí àwọn àrólé wọn, àti pé bí a bá wá wọn títí tí a kò rí wọn, kí a fi owó náà ṣe sàráà ní orúkọ wọn.

Mo jẹ́wọ́ pé sàráà ni ọkàn mi kọ́kọ́ sáré sí. Ní ọdún 2007, Gánà gé òdo mẹ́rin kúrò lára owó rẹ̀. Sídì ẹgbàárùn-ún di ẹyọ kan. Bí mo bá fi ìṣirò báǹkì wò ó, sídì mẹ́rìnlélógún tí àwọn mẹ́fà yẹn dá fún bàbá kò tó pẹ́síwà kan, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún sídì, lónìí. Mo lè fi owó tó ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ṣe àánú ní Ìlọ́rin kí ilẹ̀ tó ṣú, kí n sì sùn. Ṣùgbọ́n n kò sùn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi

Ní Sátidé tó kọjá, mo gba Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Ọ̀ffà, mo sì mú ìwé náà lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà tí wọ́n kúrò ní Támálè. Mo ka ohun tí àáfà kọ sílẹ̀ fún mi sí wọn létí. Wọ́n ń mi orí sí orúkọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní oníkẹ̀kẹ́ yẹn ló kọ́ bàbá yín ní kẹ̀kẹ́ gígùn. Nígbà tí mo dé orí "Ìyá oníkúùkù", wọ́n dá mi dúró.

"Kò sí kúùkù kankan níbẹ̀. Ìyá oníkókó ni. Ó máa ń po kókó láàárọ̀, ògì gbígbóná tí wọ́n fi ata sí."

Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò mọ̀ ọ́n kà. Wọ́n fi ọwọ́ pa á lára títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Bàbá fẹ́ san tirẹ̀. Èmi ni wọ́n rán. Àárọ̀ ọjọ́ tí a máa wọ ọkọ̀ ni. Mo bá a níbi tó ti ń ro ìkòkò, mo kúnlẹ̀, mo na sídì mẹ́rin sí i. Ó wò mí. Ó mú owó náà, ó so ó padà mọ́ etí ìró mi, ó fi Hausa sọ fún mi pé kí n sọ fún Bàbá pé òun kì í gba owó èsúsù lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ sí ìrìn àjò. Ó ní nígbà tí ẹ bá padà dé, kí ẹ wá san án. Mo gbé owó náà padà fún Bàbá. Bàbá jókòó sórí ẹrù, wọ́n ń wo owó náà. Wọ́n wá ní kí n lọ mú ìwé ọjà wá."

Mo béèrè bóyá wọ́n san ti àwọn márùn-ún tó kù. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀, ọ̀dọ̀ ìyá oníkókó nìkan ni wọ́n rán àwọn. A dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo ní, "Màmá, ǹjẹ́ ẹ lè rántí ibi tí ilé rẹ̀ wà?"

Wọ́n fi ìka fa ìlà sórí ẹní tí a jókòó lé. "Bí o bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kẹ̀yìn sí ọjà. Máa lọ títí o ó fi rí igi dongoyárò méjì tí ẹ̀ka wọn ti wọ inú ara wọn. Kànga kan wà níbẹ̀. Má yà síbi kànga. Rìn síwájú díẹ̀ sí i, wàá rí èéfín. Ṣùgbọ́n kí o tètè dé ibẹ̀ láàárọ̀, nítorí kókó rẹ̀ kì í pẹ́ tán."